Ẹni Tí Yóò Gbàdúrà Níwájú Ará Ìlú, Aṣọ Wo Ni Kí Ó Wọ̀?

Ní ogúnjọ́ oṣù Agẹmọ ọdún 2022, nígbà tí Bọ́lá Ahmed Tinubu, tó ń díje nígbà náà fún ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú APC, ń fi Kashim Shettima han aráyé ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò jọ díje, àwọn ọkùnrin kan wọ inú gbọ̀ngàn náà nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àwòrán wọn fi gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Kì í ṣe ojú wọn ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ wò, aṣọ ni. Wọ́n ní sútánà náà kò bá àwọn kan lára mu, wọ́n ní bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a wọ̀ ló rí. Ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ ní Nàìjíríà, CAN, sọ pé òun kọ́ ló rán wọn. Àwọn tó ń ṣe ìpolongo ìbò náà fèsì pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ní tòótọ́, pé òkìkí wọn ni kò tíì kàn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀.

Ta ló purọ́, ta ló sọ òótọ́, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná. Èyí tí kò tíì tán ni ìbéèrè tí ọjọ́ náà gbé síta: kí ni ará ìlú lè fi mọ̀ pé ẹni tó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ olóòtú ètò, tó ní kí gbogbo ènìyàn di ojú wọn, ẹnìkan ló rán an wá? Ọlọ́pàá ní nọ́ńbà láyà. Agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ dé wíìgì wọ kóòtù bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ní owó aṣọ àti owó télọ̀ lè dá sútánà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè we láwàní. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ òwe náà lò tó àwọn olóṣèlú.

Àlejò ni àwọn tí à ń sọ yìí o. Ìjọba kò lè máa yẹ aṣọ àlejò wò lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ àwọn àlùfáà kan wà tí wọn kì í ṣe àlejò rárá: àwọn tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́, tó ń sanwó oṣù fún, tó sì máa ń gbé síwájú nígbà tí ètò ìlú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà ní ẹ̀ka mẹ́ta fún iṣẹ́ yìí: ọ̀kan fún Pùròtẹ́sítáǹtì, ọ̀kan fún Kátólíìkì, ọ̀kan fún Ìsìláàmù. Àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ní tiwọn. Ilé ìjọba ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ní àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti lèmọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí aṣọ àwọn wọ̀nyí kò bá ní ìlànà tí ará ìlú lè kà bí ẹni ń kàwé, ẹnu wo ni ìjọba yóò fi bá àlejò wí? Ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá kò tilẹ̀ ní wàhálà kankan lórí orúkọ wọn. Àlùfáà ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ kéwú, àlùfáà náà ni Bíbélì Yorùbá pe Áárónì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti da aṣọ bo àwọn méjèèjì kí télọ̀ tó dé. Ohun tó ṣòro ni kí aṣọ gidi ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ ti ṣe.

Ọjọ́ tí ìṣòro náà máa ń hàn jù lọ ni ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Bélú ni Nàìjíríà ń ṣe é, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é nítorí òpin Ogun Àgbáyé Kìíní. Nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí ni wọ́n ṣe gbé e wá sí ọjọ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á ti kí ìrun Jímọ̀ pàtàkì ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá wá mọ́, ààrẹ ní Àbújá, àwọn gómìnà ní ìpínlẹ̀ wọn, á gbé òdòdó síwájú ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Fèrè á dún. Gbogbo ènìyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ìbọn á ró, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kí wọ́n fò lọ. Láàárín gbogbo èyí ni àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti lèmọ́ọ̀mù á jáde wá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n á gbàdúrà fún òkú àti fún alààyè.

Àwọn opó ọmọ ogun wà níbẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Borno tí kò padà wálé kò wá wo pèréèdì. Ó mọ aṣọ ológun dáadáa. Òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń lọ̀ ọ́. Aṣọ yẹn kan náà ló wọ ilé rẹ̀ wá lára àwọn ọ̀gá tó wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Aṣọ yẹn náà ló bá pàdé ní ọ́fíìsì lẹ́yìn tábìlì nígbà tó lọ béèrè owó ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Tí ẹni tó bá wá gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn bá tún wọ aṣọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, tí àmì ipò ń dán léjìká rẹ̀, tó jẹ́ pé ojú ni ènìyàn yóò fún pọ̀ kí ó tó rí àgbélébùú kékeré tàbí òṣùpá kékeré tó wà lára aṣọ náà, ta ni opó náà rí? Ọ̀gá ológun mìíràn ló rí. Àdúrà náà sì dà bí ọ̀rọ̀ tí iléeṣẹ́ kọ fún un.

Èrò tó yẹ kó borí, nígbà náà, kò le rárá. Níwájú ará ìlú, aṣọ ẹ̀sìn ló yẹ kó wà lókè. Àmì iṣẹ́ ìjọba lè wà níbẹ̀, kí ó kéré. Àmì ipò ni kò yẹ kó sí níbẹ̀ rárá, nítorí àdúrà kì í ṣe àṣẹ tí ọ̀gá ń pa fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ aṣọ ológun ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àlùfáà tó bá àwọn ọmọ ogun sùn nínú kòtò, tó jẹ ohun tí wọ́n jẹ, tó sì sin òkú wọn lójú ogun, ti fi ara rẹ̀ ra aṣọ náà. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n tún ní nínú orílẹ̀-èdè tí ẹ̀sìn ti máa ń dá ìjà sílẹ̀, aṣọ ológun nìkan ni aṣọ tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń wọ̀ láìjà. Ọmọ ogun tí ẹ̀rù ń bà lóru kò wá bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wọ irú aṣọ tí òun wọ̀ ni yóò sọ inú rẹ̀ fún. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ní báráàkì àti lójú ogun, kò sí aṣọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní báráàkì kò nílò àlàyé nípa ẹni tí àlùfáà náà jẹ́, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn. Ará ìlú tó wá sí pápá ìṣeré tàbí gbàgede ìjọba kò tíì rí i rí, kò sì ní rí i mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Aṣọ nìkan ló ní láti fi mọ̀ ọ́n.

Òfin àgbáyé pàápàá kò fẹ́ kí àlùfáà sọnù sáàárín àwọn jagunjagun. Àdéhùn Geneva ti ọjọ́ 12 oṣù Ògún ọdún 1949, tí Nàìjíríà náà wà lára àwọn tó gbà á, sọ pé àlùfáà tó wà pẹ̀lú ọmọ ogun gbọ́dọ̀ gba ààbò nígbà gbogbo. Bí ọ̀tá bá mú un, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun bí àwọn yòókù. Àdéhùn náà kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ó ní kí àlùfáà náà so ọ̀já kan mọ́ apá òsì, ọ̀já tí omi kò lè bàjẹ́, tí àmì àgbélébùú pupa tàbí òṣùpá pupa wà lára rẹ̀, tí iléeṣẹ́ ológun ti lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ̀mí rẹ̀ lè rọ̀ mọ́ bóyá ọ̀tá rí ọ̀já yẹn tàbí kò rí i. Bí àwọn tó ń jagun bá lè rò ó jinlẹ̀ tó báyìí pé ẹni tó di ìbọn mú lọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ rí i pé àlùfáà ni ẹni yìí, ẹni tó jókòó lábẹ́ kánópì ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ náà yẹ kó rí i.

Ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀. Láti 1898 ni àgbélébùú ti jẹ́ àmì àlùfáà ọmọ ogun níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i bí ìṣòro títí àwọn àlùfáà Júù fi dé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí wọ́n ní àwọn kò lè gbé àgbélébùú sọ́rùn. Ní 1918 ni wọ́n fún wọn ní àmì wàláà òfin Mósè. Lèmọ́ọ̀mù kò ní àmì tirẹ̀ títí di àsìkò tí Abdul-Rasheed Muhammad di Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ àlùfáà fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1993. Ó gba wọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún láti mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ọrùn mu.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1983, wọ́n fi ọkọ̀ tó kún fún bọ́ǹbù kọlu ibùdó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Beirut, ní orílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 241 ló kú. Rábì kan, Arnold Resnicoff, tó jẹ́ àlùfáà nínú ọmọ ogun ojú omi, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rí ohun tí yóò fi nu ẹ̀jẹ̀ lójú àwọn tó farapa, ló bá ṣí fìlà pélébé orí rẹ̀, fìlà tí àwọn Júù máa ń dé nítorí Ọlọ́run, ó fi í nu ojú wọn títí ó fi bàjẹ́. Àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Fadá George Pucciarelli, rí i pé orí rẹ̀ wà lófo. Ó fa aṣọ ogun tirẹ̀ ya, ó fi èkísà náà ṣe fìlà fún un, ó ní kí ó dé e. Ohun tó fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ ogun tó kù máa rí Rábì àti Fadá pọ̀ lójú kan, kí wọ́n sì mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Nínú aṣọ ológun gan-an ni wọ́n ti gé fìlà ẹ̀sìn jáde.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Simcha Goldman lẹ́bi. Rábì ni, iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ló ń ṣe fún ọmọ ogun òfuurufú, ó sì ń dé irú fìlà yẹn ní ẹnu iṣẹ́. Adájọ́ márùn-ún sọ pé ológun lè sọ pé rárá. Mẹ́rin kò gbà. Àwọn aṣòfin kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Ìtàn fìlà Beirut dé iwájú wọn, nígbà tó sì di 1987, wọ́n ṣe òfin pé ọmọ ogun lè wọ ohun ẹ̀sìn mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá ti mọ́ tónítóní, tí kò pariwo jù, tí kò sì dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó wúlò fún Nàìjíríà nínú òfin náà ni pé ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fìlà. Ó fa ààlà, ó sì dákẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gba ọ̀nà mìíràn tí ó sún mọ́ ohun tí à ń wá. Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Bélú, nígbà tí wọ́n bá ń rántí àwọn tó kú lójú ogun, aṣọ ìsìn ni àlùfáà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ̀ bí ó bá ń darí ìsìn: aṣọ funfun lórí dúdú, pẹ̀lú ọ̀já dúdú gbọọrọ tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọrùn. Àmì ẹ̀yẹ tó gbà lójú ogun á wà lára ọ̀já náà láyà òsì. Ìyẹn nìkan ti tó. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé àlùfáà ni, ó sì mọ̀ pé ó ti fojú rí ogun, láìsí pé ìràwọ̀ kankan wà léjìká rẹ̀ tó ń sọ iye ènìyàn tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Èjìká ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ẹni tó bá ka orí kejìdínlọ́gbọ̀n ìwé Ẹ́kísódù yóò rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe aṣọ tí Áárónì yóò máa wọ̀ wọ ibi mímọ́, láti orí okùn dé orí agogo wẹ́wẹ́ tó wà ní ìṣẹ́tí rẹ̀. Òkúta méjì wà lórí èjìká aṣọ náà, wọ́n sì fín orúkọ ẹ̀yà méjìlá Ísírẹ́lì sí wọn, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Orúkọ Áárónì kò sí níbẹ̀. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ló gbé lé èjìká lọ. Àlùfáà tó fi àmì ipò tirẹ̀ sí ibi tí Áárónì fi orúkọ àwọn ènìyàn sí yóò ní ọ̀rọ̀ láti ṣàlàyé.

Ewu wà ní òdìkejì pẹ̀lú. Aṣọ ẹ̀sìn lè di ohun ìjà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo ìbòrí wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó wọ sútánà àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lọ sí kíláàsì. Ọmọ kékeré tó wọ aṣọ pẹpẹ lọ kọ́ ìṣirò kò lọ gbàdúrà; àwọn àgbà ló rán an lọ sójú ìjà. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn aṣọ ìsìn máa rántí bí wọ́n bá ń béèrè fún un níwájú ará ìlú. Aṣọ tó ń jẹ́rìí ìgbàgbọ́ ẹni àti aṣọ tí wọ́n wọ̀ kí ẹlòmíràn lè bínú lè jẹ́ aṣọ kan náà. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni iṣẹ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ wá ṣe. Àlùfáà tó wá gbàdúrà ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá ti ṣe é tán, kí ó padà sórí ìjókòó rẹ̀, kí ó má dúró sí ẹ̀yìn gómìnà títí ètò yóò fi parí bí ẹni ń ṣọ́ pẹpẹ.

Irú aṣọ ìsìn wo wá ni? Níhìn-ín ni ìtàn Yorùbá ti ní ohun púpọ̀ láti sọ. Nígbà tí wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 1864, aṣọ bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀ fún un. Kò sí irú mìíràn nílẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó ti da ìbéèrè náà dé. David Brown Vincent ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ní 1894 ó yí i padà sí Mojọlá Agbébí. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, aṣọ Yorùbá ló ń wọ̀ gun orí àga ìwàásù, nígbà tó sì lọ sí ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ènìyàn ní London ní 1911, kò tìtorí òyìnbó pa á tì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Agbébí kì í ṣe àlùfáà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kérúbù àti Séráfù dé ní 1925, tí Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sì dé ní 1947, pẹ̀lú aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lójú pópó mọ ilé tó ti wá. Ọmọ Yorùbá kò ní láti dúró de télọ̀ Róòmù tàbí ti Canterbury.

Oòrùn oṣù Ṣẹẹrẹ sì ń mú. Aṣọ àrán pupa tó nípọn tó aṣọ ìbora, tí wọ́n ṣe fún ilé ìsìn olókùúta ní ilẹ̀ tútù, kò bá pápá tí kò ní igi mu. Agbádá funfun tó mọ́ pẹ̀lú ọ̀já ìsìn lọ́rùn yóò ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì jẹ́ kí àlùfáà lè mí. Láwàní funfun àti jálàbíà lèmọ́ọ̀mù kò ní ìṣòro yìí rí. Bí wọ́n bá pe wòlíì Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí kì í wọ bàtà bí ó bá ti wọ sútánà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlejò má wulẹ̀ gbé bàtà lé e lọ́wọ́. Ẹní ni kí wọ́n wá, kí wọ́n tẹ́ sí ibi tí yóò dúró sí.

Ẹnìkan kù tí ètò ìlú máa ń gbàgbé. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkó kéde ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Àmọ́ àwọn ẹ̀ka mẹ́ta tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ní kò kan ọmọ ogun tó ń bọ Ògún tàbí tó ń dífá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pe babaláwo sí ibi ètò ìjọba, ìyà aṣọ tún máa ń jẹ ẹ́: sinimá ti kọ́ àwọn ènìyàn pé aṣọ pupa, owó ẹyọ láti orí dé ẹsẹ̀ àti ẹfun lójú ni wọ́n fi ń dá babaláwo mọ̀, débi pé àwọn kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń múra bí òṣèré kí wọ́n lè tẹ́ ẹni tó pè wọ́n lọ́rùn. Aṣọ funfun àti ìdè Ifá ní ọrùn ọwọ́ ti tó babaláwo láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá jáde bẹ́ẹ̀, tó wúre láìpariwo, iyì rẹ̀ kò ní dín sí ti ẹni tó gbàdúrà ṣáájú rẹ̀.

Aṣọ kan wà tí kò yẹ kí àlùfáà ìjọba kankan wọ̀ níwájú ará ìlú, ìyẹn ni aṣọ ẹgbẹ́jọdá ìjọba. Bí ayẹyẹ ọdún kan tàbí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lórí oyè bá dé, ańkárá á jáde pẹ̀lú àwòrán gómìnà láyà àti lẹ́yìn, wọ́n á sì pín in dé ọ̀dọ̀ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àti lèmọ́ọ̀mù ilé ìjọba. Ó ṣòro láti kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń jẹ nínú ilé ni. Síbẹ̀, ẹni tó fi ojú gómìnà sí àyà, tó wá gbé ọwọ́ sókè pé kí Ọlọ́run tọ́ àwọn aláṣẹ sọ́nà, ti sọ ibi tí àdúrà náà ń lọ. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìbò. Sútánà tí kò bá ni lára mu kò tó èyí ní ìtìjú, nítorí ẹni tí à ń wí yìí kì í ṣe ayédèrú: àlùfáà gidi ni, tó wọ aṣọ ẹlòmíràn.

Ta ni yóò wá ṣe ìlànà náà? Bí iléeṣẹ́ ìjọba bá jókòó láti yan àwọ̀ sútánà àti gígùn láwàní, ìjà tí yóò bí yóò ju èyí tí wọ́n fẹ́ parí lọ. Àwọn ẹ̀ka tó wà nínú iléeṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ ohun tí ẹ̀sìn wọn kà sí aṣọ ìsìn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ewé kan fún ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan. Kí ìjọba fi ààlà tirẹ̀ sí i: kò gbọdọ̀ sí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, kò gbọdọ̀ sí àwòrán ẹnikẹ́ni, àmì ipò kò gbọdọ̀ sí léjìká, ọ̀já kékeré kan tàbí báàjì iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ lè wà láyà, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó bá ní i. Ní ibi ìsìnkú nínú báráàkì, kí àlùfáà pinnu fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí òkú. Àwọn mìíràn yóò fẹ́ aṣọ ogun nítorí òun ni ọmọ wọn fẹ́ràn. Kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìwé ètò tí wọ́n ń pín níbi ayẹyẹ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ kò ju "Àdúrà Ìbẹ̀rẹ̀" lọ, bí ẹni pé àdúrà náà kò ní ẹni tó ni ín. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń gbàdúrà àti ilé tó rán an sí abẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ni, kò sì ní fi owó ìtẹ̀wé kún un.

Ọ̀rọ̀ owó aṣọ ló kù. Aṣọ ogun, kí ìjọba máa rán an, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni. Aṣọ ìsìn tí àlùfáà yóò wọ̀ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, ó sàn kí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó fà á kalẹ̀ dá a fún un, kí ìjọba má sì sanwó rẹ̀ padà. Oṣù Ọ̀pẹ ni àwọn télọ̀ máa ń há jù nítorí ọdún Kérésìmesì. Àwọn tó bá fẹ́ kí ó bá ọjọ́ ìrántí tó ń bọ̀, oṣù Ọ̀wàrà ni kí wọ́n ti gbé aṣọ lọ.